Gorée fún Ẹni Tó Ń Dá Rìnrìn Àjò Pẹ̀lú Owó Díẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nígbà tí mo dé láti Gorée, erékùṣù kékeré kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìbéèrè ni àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ fi pàdé mi. Àwọn kan fẹ́ mọ iye tí mo ná. Àwọn kan ń bi mí bóyá ẹ̀rù ò bà mí. Ìyá mi fẹ́ mọ ẹni tó ń fún mi lóúnjẹ. Mo ti fẹnu dáhùn títí ó fi sú mi, ni mo bá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin ni mí, èmi nìkan ni mo lọ, àpò ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo gbé. Oru mẹ́ta ni mo sùn ní Dakar, olú ìlú wọn, méjì ní Gorée. Tí mo bá tún lọ, màá yí i padà: ọ̀kan ní Dakar, mẹ́rin ní Gorée.

Níbo gan-an ni Gorée wà, kí ló sì sọ ọ́ di ìlú olódi?

Iwájú Dakar ló wà nínú òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ sí èbúté. Erékùṣù náà kò gùn tó kìlómítà kan, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mítà 300 lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 2,000. Kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni tọmọdé tàgbà fi ń rìn, yanrìn sì ni ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà rẹ̀. Bër ni àwọn Wolof, ẹ̀yà kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ń pè é.

Omi tó pa rọ́rọ́ ló kó odi bá a. Ilẹ̀ Dakar tó yọ sínú òkun ló dí ìjì mọ́ ọn, ọkọ̀ ńlá sì lè ju ìdákọ̀ró síbẹ̀ láìfòyà. Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ dé, ní 1444. Àwọn ará Họ́láǹdì tẹ̀ lé wọn, wọ́n kọ́ odi méjì, wọ́n pe ti ìsàlẹ̀ ní Nassau, wọ́n pe ti orí òkè ní Orange. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú èdè wọn ni orúkọ Gorée ti jáde, láti ara Goede Reede, ìyẹn èbúté tó dára. Ní 1664, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, kí ọdún náà tó parí àwọn ará Họ́láǹdì ti gbà á padà. Ní 1677, ọ̀gágun ojú omi Faransé kan, d'Estrées, lé wọn lọ pátápátá. Láti ìgbà náà ló ti di pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, títí ó fi dúró sọ́wọ́ Faransé ní 1817. Ilẹ̀ tí ẹ lè rìn yí ká kí ìrẹsì tó jiná ni orílẹ̀-èdè mẹ́rin ń torí ẹ̀ yìnbọn.

Odi tí ẹ ó kọ́kọ́ rí láti inú ọkọ̀, èyí tó rí roboto ní ìhà àríwá, kì í ṣe ti àwọn ará Họ́láǹdì. Fort d'Estrées ni, àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Faransé kọ́ ọ. Ó ti ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Ilé ìkóǹkanpamọ́sí ìtàn Sẹ̀nẹ̀gàl ló jẹ́ báyìí. Ní 1978 tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ́kọ́ ya ibi méjìlá sọ́tọ̀ ní gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, Gorée wà nínú àwọn méjìlá náà.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà nílò físà?

Rárá. Ọmọ ECOWAS ni wá, ọmọ ECOWAS ni Sẹ̀nẹ̀gàl, a lè dúró níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bákan náà ni fún àwọn ènìyàn wa ní Benin àti Togo. Ẹ mú páspọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà dání, ẹ mú yẹ́lò káàdì tó jẹ́ ojúlówó, ìyẹn ni pé kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà fún yín ní tòótọ́. Ẹ tẹ ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa dé sí jáde sórí bébà, nítorí wọ́n lè bi yín, fóònù sì lè kú.

Ẹ̀rù físà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rìn. Mo mọ àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ fún físà Yúróòpù nígbà mẹ́ta, tí wọ́n sì pàdánù owó náà lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, tí wọn ò tíì lo ẹ̀tọ́ tí a ní ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí. Ó ń dùn mí.

Báwo ni mo ṣe máa dé Dakar láìná owó púpọ̀?

Ọkọ̀ òfurufú. Láti Èkó, ASKY máa ń gba Lomé, Air Côte d'Ivoire sì máa ń gba Abidjan. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, ẹ tètè rà á, ẹ sì yẹra fún àsìkò Kérésì àti Iléyá. Ẹni tó bá wà ní Kútọnu lè fi ti ibẹ̀ wé ti Èkó kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí owó méjèèjì kì í sábà dọ́gba.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn gba orí ilẹ̀ lọ, láti Èkó dé Abidjan, láti ibẹ̀ gba Bamako bọ́ sí Dakar. Nígbà kan nìyẹn. Ààbò ojú ọ̀nà Mali ti bàjẹ́ gan-an, Mali pẹ̀lú Burkina Faso àti Niger sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo fẹ́ràn pé kó gba ibẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ dín owó kù.

Pápákọ̀ òfurufú tuntun wà ní Diass, láti 2017, ó jìnnà sí Dakar tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ibẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ máa ń jò lọ́wọ́ àlejò. Bọ́ọ̀sì wà tó ń wọ ìlú, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti takisí. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú kí ẹ tó dé, ẹ gba takisí láìjiyàn, kí ẹ ná an dópin kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀. Mo ti rí i pé owó tí ènìyàn bá ná kó lè dé ilé láìséwu lálẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣòfò.

Owó wo ni kí n mú lọ?

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, irú èyí tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo gan-an. Ẹni tó bá ti Kétu tàbí Pọ̀tónòfò bọ̀, owó àpò rẹ̀ ló máa ná lọ. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá ló máa pààrọ̀. Náírà kò wúlò ní Dakar, ẹ má tan ara yín. Ẹ mú Yúrò: Yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, iye yẹn kò sì yí padà láti 1999, nítorí náà kò sí ẹni tó máa fi ìṣirò ojú ọjà yí yín lórí. Dọ́là náà ń wọlé, ṣùgbọ́n òun máa ń lọ sókè sódò.

Ẹ má fọkàn tán káàdì báńkì wa nìkan. Ti èmi kọ̀ jálẹ̀ nínú ẹ̀rọ ATM méjì ní Dakar kó tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀kẹta, tí àyà mi sì ti já. Ẹ gba owó ní Dakar kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Gorée, kí ẹ gba èyí tó ní owó kéékèèké nínú. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà kò ní ṣẹ́ńjì 10,000. Àwọn ará ibẹ̀ ń lo Wave àti Orange Money lórí fóònù fún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ẹ bá ní síìmù Sẹ̀nẹ̀gàl kí ẹ tó lè dara pọ̀ mọ́ wọn.

Báwo ni ọkọ̀ ojú omi ṣe ń lọ? Èló ni?

Ẹ lọ sí èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Gorée, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ti Dakar, ẹsẹ̀ gbé e. Wọ́n máa yẹ páspọ́ọ̀tù yín wò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi í sílẹ̀ ní yàrá. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó rẹ̀ pín sí: ti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ti àwa ọmọ Áfíríkà yòókù, àti ti àjèjì. Ti àjèjì ni sẹ́fà 5,200 nígbà tí mo lọ. Tiwa kéré sí i dáadáa. Ẹ fi páspọ́ọ̀tù hàn, kí ẹ sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àlọ àti àbọ̀ ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì náà. Tí ẹ bá gúnlẹ̀, wọ́n tún máa gba owó orí kékeré kan fún ìlú, ó tọ̀nà, kì í ṣe gbájúẹ̀.

Láti àárọ̀ kùtù títí di alẹ́ ni ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ìrìn náà kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ ka àkókò tí wọ́n kọ sára ògiri níbẹ̀, nítorí ti ọjọ́ Àìkú yàtọ̀. Ẹ jókòó sókè níta bí òòrùn kò bá tíì mú.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Coumba Castel. Ìyá inú omi tó ń ṣọ́ erékùṣù yẹn ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbà á gbọ́. Èmi tí mo dàgbà sáàárín àwọn tó ń kí Yemọja kò nílò àlàyé púpọ̀. Mo fi ọwọ́ kan ara irin ọkọ̀ náà, mo sì kí i ní èdè mi.

Ṣé dandan ni kí n gba afinimọ̀nà?

Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gúnlẹ̀ ni àwọn ọkùnrin kan máa sún mọ́ yín pé kò sẹ́ni tó lè wọ ìlú láìsí àwọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rìn lọ. Inú ọkọ̀ pàápàá ni àwọn ìyá olójà ti máa bi yín ní orúkọ yín, tí wọ́n á sọ tiwọn, tí wọ́n á ní kí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa yà sí ìsọ̀ àwọn. Wọn kì í gbàgbé ìlérí! Èmi ṣèlérí fún ẹyọ kan, mo sì mú un ṣẹ, ó sì di ẹni tó ń bá mi wá oúnjẹ fún ọjọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ gba afinimọ̀nà kan tó ní ìwé àṣẹ, fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ fẹnu kò sí iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sọ èdè tí ẹ fẹ́. Tí ẹ bá rí arìnrìn-àjò méjì mìíràn tó dá wá bíi tiyín, ẹ jọ pín owó náà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan láti Accra.

Ṣé àwọn baba ńlá wa gba Ilé Ẹrú kọjá?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dá lóhùn dáadáa, nítorí òun ló gbé èmi gan-an lọ.

Ilé Ẹrú, Maison des Esclaves, jẹ́ ilé alájà kan, ó pupa bí ilẹ̀ amọ̀, àtẹ̀gùn méjì rẹ̀ tẹ̀ bí apá tó fẹ́ gbá ènìyàn mọ́ra. Nǹkan bíi 1776 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ni àwọn yàrá tóóró tó ṣókùnkùn wà. Òkè ni oníṣòwò àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Tí ẹ bá rìn gba àárín àwọn yàrá náà já, ẹ ó bá ẹnu ọ̀nà kan tó ṣí sórí òkun. Ilẹ̀kùn Àlọ-àì-bọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Joseph Ndiaye, tó ti ṣe sójà Faransé rí, ló tọ́jú ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 2009, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ mú kí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nelson Mandela wá ní 1991. Póòpù John Paul Kejì wá ní 1992, ó tọrọ ìdáríjì. Obama wá ní 2013.

Ẹ̀yin tí ẹ máa lọ, ẹ mọ èyí kí ẹ tó lọ: àwọn onítàn ń bá ara wọn jiyàn lórí iye ènìyàn tó gba ilé yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé Gorée kéré nínú òwò náà tí a bá fi wé àwọn èbúté mìíràn, àti pé àpáta tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n kó gba Gorée, inú ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gambia ni wọ́n ti wá, Wolof, Sérère, Bambara àti àwọn mìíràn. Tiwa kọ́ ni ọ̀nà yẹn. Ouidah, Pọ̀tónòfò, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Bahia àti Cuba. Ẹni tó bá ń wá ẹsẹ̀ baba rẹ̀, Àgbádárìgì ni kó kọ́kọ́ lọ, kó sọdá sí Gberefu, kó rin inú yanrìn yẹn dé etí òkun. Kò sì ná an ní páspọ́ọ̀tù.

Kí wá ni mo lọ ṣe? Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yẹn, mo ti mọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí tán, omijé ṣì bọ́ lójú mi. Kò sí ìjiyàn kankan lórí pé ẹrú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé erékùṣù náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ni wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń tọ́mọ. Kò sì sí ìjiyàn pé àwọn obìnrin dúdú àti aláwọ̀ àdàlù wà nínú àwọn tó ra wọ́n. Signare ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà, ìyàwó ilé àwọn oníṣòwò Yúróòpù, ọlọ́lá tó ní ilé, tó ní ọkọ̀, tó ní wúrà. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Anna Colas Pépin, wà nínú ìtàn ilé pupa yìí. Èyí ló wọ̀ mí lára ju ilẹ̀kùn lọ. Mo ronú kan Madam Tinúbú, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́.

Ilé náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì máa ń tì í fún ìsinmi ọ̀sán. Ẹ lọ ní kété tí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé àti ọ̀wọ́ arìnrìn-àjò tó dé. Nínú àwọn yàrá yẹn, ó yẹ kí ènìyàn lè gbọ́ ohùn omi.

Ṣé kí n sùn ní Gorée, àbí kí n lọ kí n bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ dín ohun mìíràn kù, ẹ sùn síbẹ̀ ó kéré tán lóru ọjọ́ kan.

Lọ́sàn-án, ọjà ni Gorée. Ọkọ̀ ń já ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sílẹ̀, gbogbo wọn ń sáré lọ sí Ilé Ẹrú, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ná ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń padà. Nígbà tí òòrùn bá ń wọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, ìlú á gba ara rẹ̀ padà. Àwọn ọmọdé á bọ́ sí etí omi lẹ́bàá èbúté. Àwọn àgbà á gbé àga síta lábẹ́ igi. Òdòdó aláwọ̀ osùn tó gùn orí àwọn ògiri àtijọ́ á máa já lulẹ̀ nínú atẹ́gùn. Ẹ ó gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́sálásí tí wọ́n fi òkúta kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn ìyẹn ìlú á dákẹ́ débi pé ẹ ó máa gbọ́ ìrìn ológbò nínú yanrìn. Mi ò tíì bá ara mi nínú ìlú tí kò ní ìró ẹ́ńjìnnì rí. Ìdí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n bí mi sí, jẹnẹrétọ̀ ni mo dàgbà sí.

Ilé àlejò kéékèèké wà nínú àwọn ilé àtijọ́, àwọn onílé kan sì máa ń fi yàrá kan háyà. Wọ́n wọ́n ju ibi ìsùn olówó kékeré ní Dakar lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní san owó takisí níbẹ̀, ẹ ò sì ní tún san owó ọkọ̀ omi bí ẹ bá fẹ́ rí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ béèrè yàrá tó ní fáànù dípò èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Atẹ́gùn òkun tó. Ẹ pe onílé ṣáájú, kí ẹ ná an fún oru méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ní ààrin ọ̀sẹ̀ ni mo lọ, onílé mi sì dín in kù fún mi nígbà tí mo sọ pé oru méjì ni.

Kí ni kí n jẹ, kí àpò mi má bàa gbẹ?

Ìrẹsì. Ceebu jën, ìrẹsì pẹ̀lú ẹja, tòmátò, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀gẹ́ àti ìgbá, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún ní 2021. Ilẹ̀ Jolof àwọn Wolof ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa ti gba orúkọ, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì bá wọn jiyàn. Ọ̀sán ni wọ́n ń sè é. Lálẹ́, ẹ ó rí yassa, adìẹ tàbí ẹja tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ sè.

Àwọn ilé oúnjẹ tó kọjú sí èbúté lẹ́wà, wọ́n sì wọ́n. Ẹ rìn wọ inú ìlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà pé ibo ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹun. Ìyàtọ̀ owó méjèèjì lè tó ìlọ́po mẹ́ta. Láàárọ̀, búrẹ́dì gígùn pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹ̀wà á gbé yín dé ọ̀sán.

Ohun mímu wọn ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí mo mọ gbogbo rẹ̀ láìmọ̀. Bissap ni sóbò wa, ìṣápá ni wọ́n fi ṣe é. Bouye, èso igi oṣè ni. Café Touba, kọfí tí wọ́n ń tà ní kọ́ọ̀bù kékeré lójú ọ̀nà, èèrù ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, èèrù tí ìyá àgbà mi ń fi sínú àgbo ọlọ́mọ tuntun. Mo gbé e sẹ́nu, mo sì rántí yàrá rẹ̀.

Tí wọ́n bá pè yín mu attaya, tíì tí wọ́n ń sè lórí èédú, ẹ má mu ẹyọ kan kí ẹ dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, ó máa ń dùn sí i bó ṣe ń lọ, ó lè gba wákàtí kan. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Yàtọ̀ sí Ilé Ẹrú, kí ni mo lè rí láìsanwó?

Òkè Castel, ní gúúsù. Ojú ọ̀nà tó gun òkè náà kún fún àwọn ayàwòrán tó so iṣẹ́ wọn mọ́ ara igi oṣè. Lókè, ẹ ó rí ìbọn àgbá ńlá kan tó ti dípẹtà, tó wà níbẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì, ní 1940 tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn ènìyàn de Gaulle, olórí àwọn ará Faransé tó kọ̀ láti túúbá fún Jámánì, wá kọlu Dakar. Inú àwọn ihò tí sójà fi ń kó ọta ìbọn sí ni àwọn olórin àti ayàwòrán ń gbé báyìí. Wọ́n á pè yín wọlé. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí Dakar látòkèdélẹ̀ tí iná ń tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wò bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn ya àwòrán. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù ya ìlà sára pákó, wọ́n á da yanrìn sí i, dúdú, funfun, pupa, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, ojú ènìyàn á yọ. Kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀ rárá.

Ilé ìwé William Ponty àtijọ́ náà wà níbẹ̀, ibi tí Faransé ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó padà wá gba orílẹ̀-èdè wọn lọ́wọ́ Faransé; Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ Côte d'Ivoire, wà lára wọn. Gorée ni wọ́n bí Blaise Diagne sí ní 1872, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ dúdú Áfíríkà tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin Faransé, ní 1914. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin Mariama Bâ ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ ó rí wọn nínú aṣọ ilé ìwé. Ẹ má ya fọ́tò wọn.

Ṣé ó dára fún obìnrin tó dá rìn?

Lórí erékùṣù, ọkàn mi balẹ̀ ju bó ṣe ń balẹ̀ ládùúgbò mi lọ. Gbogbo ènìyàn mọ ara wọn, ní ọjọ́ kejì wọ́n ti mọ̀ mí. Dakar ló yẹ kí ẹ là ojú, pàápàá ní àyíká èbúté àti ọjà: ẹ fi àpò síwájú, ẹ fi fóònù pamọ́.

Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti lọ́kọ. Ọmọkùnrin á bi yín, ìyá rẹ̀ náà á bi yín. Mo ní ọkọ mi ń bọ̀ ní ọjọ́ kejì, mi ò sì rò pé Ọlọ́run bínú. Ẹ sọ fún onílé yín ìgbà tí ẹ máa padà. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Etí omi lẹ́bàá èbúté ni kí ẹ ti wẹ̀. Ìhà kejì àpáta ni, ìgbì ibẹ̀ lágbára.

Mi ò gbọ́ Faransé. Ṣé màá lè sọ̀rọ̀?

Díẹ̀ tó. Kíkí ni kọ́kọ́rọ́, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye nǹkan láìkí ènìyàn, ẹ ti ṣẹ̀. Ẹ sọ pé "Salaam aleikum", lẹ́yìn náà "Nanga def?", ìyẹn ṣé dáadáa ni. Wọ́n á ní "Maa ngi fi". Ẹ dúpẹ́ pẹ̀lú "Jërëjëf". "Ñaata la?" ni èló ni. Ẹ pe obìnrin tó dàgbà jù yín lọ ní Tata, ẹ ó rí i bí iye ọjà á ṣe rọ̀. Èmi kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ìyá kan láìmọ̀, ara rẹ̀ yá gágá, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò mí.

Ìgbà wo ló dára jù?

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù karùn-ún, kò sí òjò. Láàárín oṣù kejìlá àti oṣù kẹta, òtútù máa ń mú lálẹ́, ẹ mú súwẹ́tà. Oṣù keje sí ìkẹwàá ni òjò àti ooru, ṣùgbọ́n yàrá máa ń pọ̀, ó sì máa ń gba nínà.

Kí ló yẹ kó wà nínú àpò tí mi ò ní rántí?

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ẹnu méjì roboto ni. Ṣájà wa ẹlẹ́nu mẹ́ta kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ra alásopọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Sálúbàtà tó lè wọ yanrìn. Ike omi. Oògùn ibà. Iná tọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn ojú ọ̀nà inú ìlú ṣókùnkùn lálẹ́. Ẹ dá aago yín padà sẹ́yìn ní wákàtí kan; èmi kò ṣe é, mo dé èbúté kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, mo sì bá àwọn ará erékùṣù tó fẹ́ gbé ẹ̀fọ́ àti gáàsì lọ sílé dúró sórí ìlà, ìyá kan sì gbé ọmọ rẹ̀ fún mi kí ó lè ka owó rẹ̀. Ọmọ náà sùn sí èjìká mi títí a fi gúnlẹ̀.